Ọjọ́ mẹ́sàn-án kí àdìrẹ tó dé orí sáfà

Ọjọ́bọ̀ ló pè mí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Ó kí mi, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè bí iná ṣe rí ní àdúgbò wa, kó tó wá sọ ohun tó gbé e dìde: “Ẹ̀gbọ́n, ìkànnì àǹtí mi kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbé e lọ.”

Mo ní, “Kí lo rí nígbà tó o ṣí i?”

Ó ní, “Kò ṣáà ṣiṣẹ́, sà.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí nìyẹn. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó ti di ọjọ́ kẹrin. Òun àti àǹtí rẹ̀ gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé fáìlì sórí sáfà, olúkúlùkù ló sì máa ń bọ́ sí kòtò kan tàbí méjì. Ọmọkùnrin yìí bọ́ sí gbogbo wọn tán láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, èmi náà sì bá a bọ́ sí ọ̀kan.

Bí nǹkan ṣe wà kó tó bẹ̀rẹ̀

Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni àǹtí rẹ̀ ti ń ta àdìrẹ. Ẹni tó bá mọ Ìtòkú mọ̀ pé aṣọ ló kún ọ̀tún, aṣọ ló kún òsì, ẹni tó mọ oníbàárà pè ló ń tà. Obìnrin náà ní àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lórí WhatsApp. Ó ti sú u láti máa fi àwòrán ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún ní kó fi èyí tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ní òun á bá a ṣe ìkànnì.

Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ HTML àti CSS, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú-ewé ìkànnì, láti inú fídíò, lórí MacBook tòkúnbọ̀ kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé bí iná bá lọ, òun náà á lọ. Ojú-ewé méje ló ṣe, pẹ̀lú àwòrán aṣọ 43. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan tó pè ní ADIRE SITE FINAL. Tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìkànnì á ṣí, àwòrán á jáde, gbogbo rẹ̀ á gún régé. Àǹtí rẹ̀ rí i, ó ṣàdúrà fún un, ó fún un lówó. Ọmọkùnrin náà ra orúkọ ìkànnì tó parí sí .com.ng, ó sì yá àyè ọdún kan lórí sáfà. Ilé-iṣẹ́ tó yá a láyè fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i: orúkọ sáfà, orúkọ aṣàmúlò, pásíwọ́ọ̀dù, àti nọ́ńbà kan, 21.

Fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí: kọ̀ǹpútà bíi tìrẹ náà ni sáfà, àfi pé wọn kì í pa á, ó máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Láti gbé ìkànnì jáde, o ní láti ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì tó wà lọ́dọ̀ rẹ sórí tirẹ̀. Ètò tí wọ́n fi ń ṣe é látijọ́ ni FTP. Abhay Bhushan ló kọ ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ sílẹ̀ ní MIT l'Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹrin ọdún 1971, nígbà tí kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ wẹ́ẹ̀bù rárá. Nọ́ńbà 21 yẹn ni ẹnu ọ̀nà tí FTP ń gbà wọlé. Irinṣẹ́ tí ọmọkùnrin náà lò ni FileZilla, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2001, ọ̀fẹ́ sì ni. Tó o bá ṣí i, apá òsì ni kọ̀ǹpútà rẹ, apá ọ̀tún ni sáfà. O fi máòsì wọ́ fáìlì láti òsì sí ọ̀tún, ó ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nínú fídíò nìyẹn, irọ́ kọ́. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́yìn “ó ti lọ” yẹn.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́

Lọ́jọ́ Ajé, sáfà kò tilẹ̀ jẹ́ kó wọlé. Ó ń dá 530 padà fún un, ìyẹn ni pé orúkọ tàbí pásíwọ́ọ̀dù kò tọ̀nà. Ó ti da pásíwọ́ọ̀dù náà kọ láti inú ímeèlì, àlàfo kan sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí ojú kò rí. Nígbà tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó wọlé.

Ní apá ọ̀tún ó rí oríṣiríṣi fódà: etc, logs, mail, public_html, ssl, tmp. Kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ó gbé ADIRE SITE FINAL sí ẹ̀gbẹ́ mail. Ó jókòó tì í fún nǹkan bíi wákàtí méjì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Nígbà tó parí, ó ṣí àdírẹ́sì ìkànnì náà lórí fóònù. Ó rí ojú-ewé funfun kan tí wọ́n kọ “Index of /” sí lórí, tí cgi-bin sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀ àǹtí rẹ̀ wò ó. Yàrá kan wà lẹ́yìn ìsọ̀, níbi tí aṣọ tí wọn kò tíì ká wà, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ gbèsè sí àti abọ́ oúnjẹ ọ̀sán. Àtẹ sì wà níwájú. Oníbàárà kì í wọ yàrá ẹ̀yìn, ohun tó bá wà lórí àtẹ ló lè rí. public_html ni àtẹ. Àwọn sáfà mìíràn ń pè é ní htdocs tàbí www, iṣẹ́ kan náà ni. Ohun tí o kó sí ẹ̀gbẹ́ mail wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó wà lórí sáfà lóòótọ́, kò sí ẹni tó máa rí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó gbọ́ nípa public_html nínú fídíò mìíràn. Ó pa gbogbo ohun tó gbé lọ rẹ́, ó sì tún wọ́ fódà náà láti òsì wá, sínú public_html. Kò mọ̀ pé òun lè gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn lórí sáfà fúnra rẹ̀, ní apá ọ̀tún níbẹ̀, láì ná dátà kankan. Ó tún ṣí àdírẹ́sì. “Index of /”, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ADIRE SITE FINAL wà lábẹ́ rẹ̀. Odindi àpò ló gbé sórí àtẹ láì tú u.

Lọ́jọ́rú ó tú u: ó ṣí fódà, ó mú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó wọ́ wọn lọ. “Index of /” náà ló tún rí, pẹ̀lú orúkọ fáìlì méje àti fódà àwòrán. Ó pe ilé-iṣẹ́ tó yá a láyè. Ẹni tó gbé fóònù kò béèrè ohun tó rí. Ó ní orúkọ tuntun máa ń gba wákàtí 24 sí 48 kó tó tàn káyé, kó ní sùúrù. Ọmọkùnrin náà ní sùúrù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí sùúrù tán, ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn náà ló pè mí.

“Ta ló kọ ohun tó o rí yẹn?”

Mo ní kó ya ojú fóònù rẹ̀ kó fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo rí “Index of /”, mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi díẹ̀ sí ẹni tó ní kó dúró fún wákàtí 48.

Mo ní, “Ta ló kọ ohun tó o rí yẹn?”

Ó dákẹ́. “Bóyá fóònù ni, sà.”

“Fóònù kò mọ orúkọ àwọn fáìlì rẹ. Sáfà ló kọ ọ́. Ó lọ wo inú public_html, ó ń wá ojú-ewé tí yóò fi hàn, kò rí i, ó wá ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ. Tí orúkọ rẹ kò bá tíì tàn, o ò bá máà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. O ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.”

Ìdákẹ́ rẹ̀ gùn díẹ̀. Mo ní kó ka orúkọ tó wà lókè fún mi.

“Index dot html.”

“Báwo ni I yẹn ṣe rí?”

“Ńlá ni, sà.”

Ohun tí sáfà ń wá ni index.html, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré. Lójú Linux, Index àti index kò jọra rárá, bí ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ṣe jọra lójú tiwa. MacBook rẹ̀ kò ka ìyàtọ̀ náà sí, Windows náà kì í kà á sí, ìdí nìyẹn tí ohun gbogbo fi ń dára nílé. Ó tẹ orúkọ náà ní apá ọ̀tún FileZilla, ó yí I padà sí i. Mo gbọ́ ariwo. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn tó ń béèrè pé kí ló dé, lẹ́yìn náà mo gbọ́ “Olúwa ṣeun” léraléra.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, kò sí àwòrán.”

Àwòrán 43

Mo ní ká fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, torí kó tó di àárọ̀, ó ti bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lórí WhatsApp, ìyẹn sì ní kó yí àṣẹ gbogbo fáìlì sí 777. Ó yí wọn. Kò tún ohunkóhun ṣe.

Ìmọ̀ràn 777 yìí máa ń dùn mí, torí ó rọrùn bí oògùn tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ń sọ ẹni tó lè fọwọ́ kan fáìlì: àkọ́kọ́ fún ẹni tó ni ín, ìkejì fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ìkẹta fún gbogbo èèyàn yòókù. 4 ni kó kà á, 2 ni kó kọ nǹkan sí i, 1 ni kó mú un ṣiṣẹ́, tàbí kó wọ inú rẹ̀ tó bá jẹ́ fódà. O ro wọ́n pọ̀. 644 fún fáìlì: ẹni tó ni ín lè kà kó sì kọ, àwọn yòókù lè kà nìkan. 755 fún fódà. 777 ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ráyè dé orí sáfà náà lè yí iye owó aṣọ àǹtí rẹ padà. A dá wọn padà sí 644 àti 755 kí a tó ṣe ohun mìíràn.

Mo wá ní kó wo ìsàlẹ̀ FileZilla. Orúkọ mẹ́ta wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àárín sì ni “Failed transfers” wà. Nọ́ńbà 17 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni irinṣẹ́ náà ti ń sọ fún un pé àwọn kan kò dé, òun kò wo ìsàlẹ̀ rí. Àwòrán mélòó kan tilẹ̀ dé ní ìdajì: orí aṣọ hàn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ eérú.

Kí ló fà á? Bó ṣe gba àwòrán láti inú fóònù náà ló fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi 6MB. Ìlọ́po 43 jẹ́ 258MB. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tó gbé wọn, ó ti lé ní 1GB, dátà tí ọmọ náà ń fi owó ara rẹ̀ rà. Gbogbo rẹ̀ nítorí àwòrán tí kò ní ju fífẹ̀ ojú fóònù lọ. Mo bi í pé, ta ló máa san dátà ẹni tó bá ṣí ojú-ewé náà? Kò rò ó dé ibẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó dín wọn kù títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà ní nǹkan bíi 200KB. Gbogbo 43 kò pé 9MB mọ́.

Nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já, mo ní kó dì wọ́n sí zip kan ṣoṣo, ìyẹn fáìlì kan tó kó gbogbo wọn sínú, kó gbé zip náà lọ, kó wá tú u lórí sáfà láti inú File Manager tó wà nínú cPanel, ojú-ewé tí wọ́n fi ń bójú tó sáfà. Bí zip bá já lójú ọ̀nà, kò ní tú, wàá sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwòrán 43 tí ọ̀kan já nínú wọn lè fara pamọ́ títí oníbàárà á fi rí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ wẹ́rẹ́. Fódà àjèjì kan tẹ̀ lé e dé, __MACOSX, ẹrù tí Mac máa ń fi sínú zip láì bi ọ́. A pa á rẹ́.

Àwòrán 18 jáde. Ó ku 25.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la jókòó tì wọ́n. Mo kọ́ ọ ní bó ṣe lè tẹ ọ̀tún máòsì lórí àwòrán tí kò jáde kó da àdírẹ́sì rẹ̀ kọ síbì kan. Mẹ́fà nínú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú file:///Users/, ìyẹn ni pé ojú-ewé náà ń sọ fún fóònù ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pé kó lọ gbé àwòrán wá lórí MacBook tó wà l'Abẹ́òkúta. A yí wọn sí images/ àti orúkọ fáìlì, ojú ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú-ewé náà wà. Mọ́kànlá jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá lẹ́ẹ̀kan sí i: fóònù pe fáìlì ní .JPG, òun kọ .jpg sínú HTML. Èyí kò gbà wá ní wákàtí kan.

Mẹ́jọ kù. Mẹ́jọ yìí ló fi ojú mi rí nǹkan.

Ẹ tó pé méjì

Àwọn mẹ́jọ náà ló ní orúkọ Yorùbá: adirẹ-12.jpg, ẹlẹkọ-3.jpg, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà wọn bára mu, kékeré pẹ̀lú kékeré. Ojú ọ̀nà wọn tọ̀nà. Wọ́n wà nínú fódà images, mo fi ojú ara mi rí wọn. Síbẹ̀ sáfà ń dá 404 padà, pé òun kò rí fáìlì bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó tún orúkọ wọn tẹ̀ sínú HTML. Ó tẹ̀ ẹ́. 404. Mo ní bráúsà rẹ̀, ètò tó fi ń ṣí ìkànnì, ló ń fi ohun àtijọ́ hàn án, kó nu ìrántí rẹ̀. Ó nu ún. 404. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ bráúsà yẹn fún ìdajì ọjọ́. Mo ṣe ohun tí ẹni tó gbé fóònù ní ilé-iṣẹ́ yẹn ṣe gan-an: mo ń fún un ní ìdáhùn tó wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀, n kò wo ohun tí sáfà ń sọ.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo ní kó da àdírẹ́sì tí ojú-ewé ń béèrè kọ, kó wá ṣí fódà images fúnra rẹ̀, kó tẹ àwòrán náà níbẹ̀, kó da àdírẹ́sì ìyẹn náà kọ. Ó fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi:

adir%E1%BA%B9-12.jpg
adire%CC%A3-12.jpg

Ohun tí ojú rí bí “ẹ” kan ṣoṣo, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́. Ó lè jẹ́ ẹyọ lẹ́tà kan tí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wà lára rẹ̀, èyí tó di %E1%BA%B9. Ó sì lè jẹ́ e lásán tí wọ́n wá fi àmì sí nídìí lẹ́yìn, èyí tó di e%CC%A3. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Mac náà gbà pé ọ̀kan náà ni. Linux kò ka lẹ́tà, nọ́ńbà tó wà nídìí lẹ́tà ló ń kà, nọ́ńbà méjèèjì kò sì bára mu. Dísìkì Mac àtijọ́ bíi tirẹ̀ máa ń tú gbogbo ẹ sí e àti àmì nínú orúkọ fáìlì. Zip gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sórí sáfà. Bọ́tìnnì tó fi kọ HTML, odindi ẹ ló ń tẹ̀. Nígbà tí wọ́n jọ wà lórí MacBook, wọ́n mọ ara wọn. Nígbà tí wọ́n dé orí sáfà, wọ́n di àjèjì sí ara wọn.

Tiwa tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tó ní àmì ohùn lórí, bíi ẹ́ tàbí ẹ̀, kò ní ẹyọ kan tó dúró fún odindi rẹ̀ rárá. Ó kéré tán, méjì ló máa ń pa pọ̀ di ọ̀kan.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mo máa ń bá èèyàn jà nítorí àmì ohùn. Ẹni tó bá kọ “oko” fún mi láì fi àmì sí i, màá bi í bóyá ọkọ ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́, àbí oko. Àmọ́ ní ti orúkọ fáìlì, mo ti gbà. Lẹ́tà kékeré lásán, nọ́ńbà, àti dáàṣì, kò sí àlàfo, kò sí àmì. Inú ojú-ewé ni kí Yorùbá ti wọ aṣọ rẹ̀ pé. Orúkọ fáìlì dà bí nọ́ńbà tí wọ́n fi máa ń sàmì sí àpò lẹ́yìn ìsọ̀, kò sí oníbàárà tó ń kà á. A yí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí adire-12, eleko-3. Àwòrán 43 jáde.

Bí a sì ṣe ń yọ̀ ni àǹtí rẹ̀ ṣí i lórí fóònù tirẹ̀, tó ní, “Ọmọ mi, kí ni gbogbo wúruwùru yìí?” Gbogbo ibi tí ẹ wà nínú ọ̀rọ̀ ti di áº¹. Ojú-ewé náà kò sọ fún bráúsà pé UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ lẹ́tà di nọ́ńbà, ni wọ́n fi kọ òun. Lórí MacBook, bráúsà mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ torí fáìlì ilé ni. Nígbà tó ń bọ̀ láti orí sáfà, kò gbìyànjú. Ìlà kan ló gbà, <meta charset="utf-8">, ní ìbẹ̀rẹ̀ head ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Ó tún méje náà gbé lọ lọ́jọ́ Ajé.

Pásíwọ́ọ̀dù

Ọjọ́ Ajé yẹn ló mẹ́nu bà á, bí ẹni ń ṣàwàdà, pé Wi-Fi ọ̀fẹ́ ilé oúnjẹ kan lòun fi gbé fáìlì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, torí dátà. Àyà mi já.

FTP tó wọlé láti ẹnu ọ̀nà 21 láì ní ìbòrí ń fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ ní gbangba. Ní 1971, àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò pọ̀, ti yunifásítì àti ti àwọn ilé ìwádìí ni púpọ̀ nínú wọn, kò sí ẹni tó ń rò pé ará ilé á jalè. Lórí Wi-Fi ilé oúnjẹ, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè ka pásíwọ́ọ̀dù rẹ bí ẹni ka pátákó ẹ̀gbẹ́ títì. Irú ìwà yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní Helsinki University of Technology, l'orílẹ̀-èdè Finland, tó mú kí Tatu Ylönen ṣe SSH, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbòrí, ní 1995. Orí SSH yẹn ni SFTP, ọ̀nà gbígbé fáìlì tó ní ìbòrí, jókòó lé, ẹnu ọ̀nà 22 ló sì ń gbà. Àwọn bráúsà ńlá náà ti jọ̀wọ́ FTP: Chrome àti Firefox yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2021.

Ó yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ó yí 21 sí 22, ó yan SFTP nínú FileZilla. Ìkìlọ̀ kan jáde pé òun kò tíì mọ kọ́kọ́rọ́ sáfà yìí rí, ṣé kó gbà á? Ẹ̀rù bà á, ó tẹ Cancel, ó pè mí. Inú mi dùn pé ẹ̀rù bà á. Lẹ́ẹ̀kan ló yẹ kó jáde fún sáfà kan. O fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ wé èyí tí ilé-iṣẹ́ náà bá fún ẹ, tó bá dọ́gba, o gbà á. Tó bá tún jáde lọ́jọ́ mìíràn láì jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ sáfà, dúró kó o béèrè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án, àǹtí fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Fún àwa tó ń kọ́ni

Mo ti yí bí mo ṣe ń kọ́ èèyàn padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n á ṣe wọ́ fáìlì láti òsì sí ọ̀tún ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ìkànnì tó ti bàjẹ́ ni mo máa ń gbé síwájú wọn lọ́jọ́ kìn-ín-ní: Index pẹ̀lú I ńlá, àwòrán kan tó wà ní .JPG, fódà kan tó wà lẹ́yìn public_html, pásíwọ́ọ̀dù tó ní àlàfo nídìí. N kì í jẹ́ kí wọ́n gbé fáìlì kankan lọ títí wọ́n á fi lè sọ fún mi, láti inú ohun tí sáfà dá padà, irú àṣìṣe tó wà níbẹ̀. 530, ẹnu ọ̀nà lo dúró sí, o kò tíì wọlé. 403, ó rí i, kò ní àṣẹ láti fi hàn. 404, ohun tó o pè kọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀. “Index of /”, ó dé ilé, kò bá ẹnikẹ́ni ní pálọ̀.

Àwọn tó ń gbé fóònù ní ilé-iṣẹ́ tó ń yá ni láyè, ẹ bá wa béèrè ohun tí oníbàárà rí kí ẹ tó sọ̀rọ̀ wákàtí 48. Èmi náà ti ń dá ara mi lẹ́kun lórí “nu ìrántí bráúsà rẹ”. N kì í sọ ọ́ mọ́ àyàfi tí mo bá ti rí àdírẹ́sì tí ojú-ewé ń béèrè.

Ọmọkùnrin náà ti ń ṣe ìkànnì kejì, ti alásè kan l'Óṣogbo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé ní aago mẹ́fà àárọ̀: “404. images/Ofada.jpg. Mo ti rí i, O ńlá ni.” Ó tó ìṣẹ́jú kan kí òmíràn tó tẹ̀ lé e: “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú.”